Ìwé Kẹtàlá Tìṣà Fápohùndá

Èmi ni mo to lẹ́tà ìwé méjìlá tó kọ́kọ́ kọ,
ní ilé ìtẹ̀wé kékeré tó wà lẹ́yìn Ẹrẹ́jà,
ìka mi dúdú fún tàdáwà, ọkàn mi dúdú fún ohun tí mò ń tò.
Mo to òkú tó padà wá gba bàtà rẹ̀.
Mo to kànga tó ń pe ọmọ lórúkọ àbísọ.
Mo to ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òkè Ẹ̀ṣọ̀
tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń fi ọ̀kan lé e lálaalẹ́,
tí ẹni tó bá tẹ ìkẹtàdínlógún kò ní í sọ̀kalẹ̀ mọ́.
Bí mo bá délé, ìyàwó mi a ní kí n fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì
kí n tó fọwọ́ kan ọmọ.

Gbogbo Iléṣà mọ̀ ọ́n.
Ọmọdé a rí i lọ́nà, a kọjá sí òdì kejì.
Télọ̀ kan a máa fi ìwé rẹ̀ sínú ìkòkò, a fi ọmọrí dé e,
a gbé òkúta lé e, kó tó sùn.
Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni Tìṣà:
ó ń sin ehoro, ó ń wọ súwẹ́tà nínú ọyẹ́ àti nínú ooru.

Ọjọ́ tó gbé ìkẹtàlá wá, òjò ń rọ̀.
Ó wé e sínú ọ̀rá búrẹ́dì.
Mo tan iná kejì kí n tó ṣí i. Mo kúkú ti mọ̀ ọ́n.
Ojú ewé kìíní: "Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Yéníwùrà,
tó ń fọ iyẹ̀pẹ̀ wúrà létí odò Ìtagunmódi."
Mo ní, ọwọ́ òkú yóò yọ nínú odò yìí láìpẹ́.
Ojú ewé kẹsàn-án, àgbọ̀nrín kan tó dé adé bọ́ sí etí omi.
Mo ní, ẹ̀jẹ̀ rèé o.
Àgbọ̀nrín lanu.
Ó bèèrè iyọ̀.

Iyọ̀ ṣáá!
Mo to ogójì ojú ewé pẹ̀lú èjìká líle, mò ń retí.
Ilẹ̀kùn kan wà lára òkìtì ọ̀gán, kò ní kọ́kọ́rọ́,
ẹnikẹ́ni kò sì sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.
Òjò ń rọ̀ láti ilẹ̀ sókè, ó ń wẹ ẹsẹ̀ àwọsánmà.
Arúgbó tó ń gbé inú ihò lẹ́yìn omi Olúmirin
di ọmọ náà mú lọ́wọ́
(mo dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró)
àṣé ó fẹ́ bá a gé èékánná ni.

Mo bi í léèrè. Ó pẹ́ kó tó dáhùn, ó ń wo ẹ̀rọ.
"Oṣù mẹ́rin ni Adéǹpé fi sùn ní ọsibítù Wẹ́sílì.
Òru ibẹ̀ gùn. Ó ní kí n kàwé fún òun.
Mo wo àpò mi: ìwé méjìlá, òkú ló kún inú wọn.
Ta ní í gbé òkú lọ bá ẹni tó ń..."
Kò parí rẹ̀.
"Ni mo bá ń hun àlọ́ lálẹ́, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ láàárọ̀.
Ó lọ kó tó gbọ́ ibi tí ọmọ náà gbà délé.
Ìdí nìyẹn tí orí tó kẹ́yìn fi kúrú."

Ìwé jáde. Télọ̀ dá tirẹ̀ padà, ó ní ta ló jí ẹ̀rù òun.
Ẹnì kan ní ọjọ́ ogbó ti dé bá Tìṣà.

Alẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, mo ka orí tó kẹ́yìn
fún ọmọ mi, lẹ́bàá àtùpà.
Yéníwùrà délé. Ẹ̀rù ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà dè é
bí òṣómàáló tó wá gba gbèsè aṣọ,
tí kò ní í dìde títí owó yóò fi pé.
Ọmọ náà kò sá. Kò sì bá a jà.
Ó gbé àpótí fún un, ó fi iyọ̀ àgbọ̀nrín sí ọbẹ̀,
ó ní, "Jókòó dáadáa, orúnkún á máa dùn ọ́."

Ọmọ mi ní, "Ṣé ó san gbèsè náà?"
Mo ṣí ojú ewé tó kàn.
Òfìfo ni. Èmi náà ni mo tò ó.