Àlejò Inú Irin

Aago méjì òru ní Slough.
Afẹ́fẹ́ amúlétutù ń dọdẹ ẹsẹ̀ mi
bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè.
Balbir, ọlọ́dẹ wa, ti sùn lórí tábìlì.

Sáfà kan wà níwájú mi tí kò ní ara.
Inú sáfà mìíràn ló ń gbé,
ó rò pé òun ló ni díìsìkì, òun ló ni wáyà;
àyálò ni gbogbo rẹ̀.
Ó ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn:
àádọ́ta ìṣẹ́jú láti ṣe àdàkọ fáìlì kan ṣoṣo.
Onílé ń pè é, kò gbọ́.
Àlejò lójú, kò fi í ríran.

Mo ṣí àkọsílẹ̀ ìjí rẹ̀,
mo to orúkọ dírafà mẹ́rin sí i:
ti ọ̀nà, ti àpótí,
ti àpótí kejì tí n kò mọ ìlò rẹ̀
(ìwé ní kí n kọ ọ́, mo kọ ọ́),
ti ẹnu tí yóò fi bá ayé sọ̀rọ̀.
Dírafà tí kò ní mọ́tò,
tí kò mọ ọ̀nà Reading.

Mo tún un dì. Mo ní kó kú, kó jí.

Ojú rẹ̀ dúdú.
Mo ka ọgbọ̀n. Mo ka ọgọ́ta.
Mo rántí ọjọ́ tí mo dé Heathrow:
ọkùnrin kan bi mí ní ìbéèrè,
mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan,
n kò gbọ́ ohun tó sọ.

Àfi wàrà, ìlà funfun ń ya jáde.
Fáìlì kan náà: ìṣẹ́jú mẹ́ta.
Kò dúpẹ́. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ilé onílé lòun wà.

Mo jí Balbir.
Mo ní tíì rẹ̀ ti di omi òjò.