Máṣíìnì Bàbá Mẹ́sẹ̀kọ

Nínú ilé adìẹ ni mo ti bá a,
ẹyin méjì lórí ìjókòó tó ti jẹrà,
ìyẹ́ funfun lára ọwọ́ ìwakọ̀,
ìpẹtà ti jẹ táńkì rẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ ìwé ilẹ̀.
“Èló lẹ ó tà á?” ni mo bi Bàbá Mẹ́sẹ̀kọ.
Ojú rẹ̀ ti fọ́, etí ló yí sí mi:
“Ta ní ń ta egungun?
Gbé e lọ. Fi ẹyin sílẹ̀.”

Ọdún tí kọfí lówó lórí nílẹ̀ Ìjùmú
ló rà á, èmi ò tíì mọ bàtà wọ̀.
Àpò kọfí kan níwájú, ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn,
á gun òkè Ìyàrá bí àgbò tínú ń bí,
àwa ọmọdé á tú jáde tẹ̀lé eruku,
a ó máa fa èéfín símú
bí ẹni gbóòórùn àkàrà nílé onílé.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo sọ di ilé iṣẹ́:
páànù mẹ́fà, òpó igi tíìkì mẹ́rin,
gílóòbù kan tó ń tàn nígbà tó bá wù ú.
Ìyàwó mi yọjú, ó dọ́wọ́ bọ ìdí:
“Ìjọba ní kí olùkọ́ fẹ̀yìn tì.
Ṣé abẹ́ máṣíìnì ni wọ́n ní kó fẹ̀yìn tì sí?”
Mi ò lè fèsì.
Ẹ̀yìn mi wà nílẹ̀ lóòótọ́,
epo dúdú ń kán sí mi níwájú orí.

Pístọ̀nù ti gan. Mo bu kẹrosíìnì sí i,
mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kẹsàn-án,
mo wá ń fi òòlù igi kàn án pẹ́, pẹ́, pẹ́,
bí ẹni ń jí àna rẹ̀ lójú oorun.
Rímù iwájú, Kábà ni mo ti rà á.
Ṣéènì, ti ọ̀kadà Báṣírù tó bọ́ sí kòtò.
Gásíkẹ́ẹ̀tì ò sí lọ́jà kankan;
rẹ́jísítà kíláàsì tí mo kọ́kọ́ kọ́ láyé mi
ni mo fi sísọ́ọ̀sì gé páálí rẹ̀.
Orúkọ kan ṣì hàn lẹ́yìn páálí:
Otítọ̀jú, ó wá. Ọbajẹ́mù, kò wá.
Mo fi bóòtù dè wọ́n mọ́nú ẹ́ńjìnnì.

Ìbíwùmí, ọmọ aládùúgbò, ló ń di tọ́ọ̀ṣì mú.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá.
Bí mo bá na ọwọ́ lásán síta,
sípánà mẹ́rìnlá ni yóò bọ́ sí i, kì í ṣe mẹ́tàlá.

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.
Lẹ́ẹ̀kejì, ó sín.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ta mí nípàá lójúgun,
mo tiro fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.
Ìbíwùmí ló fa ọwọ̀ kan yọ,
ó fi gún ihò kábúrétọ̀, ìdọ̀tí bíńtín jáde,
ìdọ̀tí tí kò tó èso ata.
A tún un tẹ̀.
Gbò! Gbò-gbò-gbò-gbò-gbò!
Adìẹ fò gorí páànù,
ìyàwó mi sá jáde tòun ti ìpọnbẹ̀,
ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín sáré ṣíwájú rẹ̀.

Mo gùn ún lọ sójúlé Bàbá.
“Ọ̀kun o, Bàbá.”
“Ọ̀kun.”
Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé táńkì, ó gbọ́ ọ títí.
Mo gun àdúgbò já, mo tún padà dé.
“Ó dún dáadáa,” ló wí,
“àmọ́ kì í ṣe tèmi.
Tèmi máa ń wúkọ́ bó bá bọ́ sí gíà kẹta.
Ibẹ̀ ni ìyá àwọn ọmọ mi
ti máa ń dì mọ́ mi níbàdí.”

Lálẹ́ òní, mo tún ti fẹ̀yìn tì.
Ìbíwùmí, gbé iná sún mọ́ mi díẹ̀.
Ikọ́ là ń wá.