Àtàǹpàkò

Wásílì ju kọ́kọ́rọ́ sí mi láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀,
ó ní, "Gùn ún yí ilẹ̀ mi ká, màmá,
kí o má ṣáà gùn ún wọnú adágún."

Oṣù kẹrin, lẹ́yìn ìlú Dófìn, ní Manitóbà.
Yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ lábẹ́ òòrùn tí kò tíì mú,
ẹrẹ̀ dúdú ń fà mí ní bàtà
bí ọmọ tó fẹ́ kí a dúró ra nǹkan fún òun.

Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà pupa bí ata tó pọ́n,
irin ẹrù níwájú, irin ẹrù lẹ́yìn,
ọ̀rá ilé-iṣẹ́ ṣì wà lórí àga rẹ̀.
N kò ṣí i. Ohun olóhun ni, títí n ó fi sanwó.

Mo ti gun alùpùpù rí. Ẹ má wo irun funfun yìí.
Ọdún mẹ́fà ni mo fi gun Suzuki ẹ̀gbọ́n mi
láti Ìgbòho lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Ìgbẹ́tì,
ṣọ́ọ̀kì nínú àpò, ìwé tí mo ti máàkì lẹ́yìn mi nínú okùn.
Mo bá gòkè bí ẹni tó mọ̀ ọ́n,
mo di ọwọ́ ọ̀tún mú, mo yí i.
Kò lọ.
Mo tún yí i.
Wásílì fi ẹnu pamọ́ sínú ife kọfí.
"Àtàǹpàkò ni, màmá. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́."

Ìka kan ṣoṣo!
Ìka tí ìyá mi fi tẹ̀ka
sórí ìwé ilẹ̀ tí kò lè kà,
òun ni mo fẹ́ fi lé ẹ́ńjìnnì yìí.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó fò síwájú bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu.
Mo ké yéè, mo tú u sílẹ̀, ó dúró.
Mo tún tẹ̀ ẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tẹ oówo ọmọdé wò.
Ẹsẹ̀ mi ṣì ń wá ilẹ̀ bíi ti ayé ìgbà yẹn,
táyà ẹ̀yìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi.
Gbé ẹsẹ̀ sókè, arúgbó! Eléyìí kì í ṣubú bí o kò bá tì í.

A di àpò oúnjẹ àgùntàn méjì sẹ́yìn rẹ̀.
Ó wọ kòtò olómi, ó wì mí lómi dé àgbọ̀n,
ó jáde. Kò mí gúlegúle.
Lórí òkè, mo rò pé yóò sáré bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú mi,
àmọ́ ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ di ara rẹ̀ mú
bí ẹni tó ru omi tó kún.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí oṣù kejì,
abo àgùntàn tó bímọ sí ìdí wáyà ní ìkangun oko,
bí mo ṣe gbé ọmọ náà sínú kóòtù,
tí mo ń rìn nínú yìnyín tó dé orókún,
tí mo ń bá a sọ̀rọ̀,
tí mo ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí mo dé ilé ẹran.
Ká ní

Ó kù díẹ̀ káàtó, n ó sọ ọ́:
ooru rẹ̀ ń jó mi ní itan ọ̀tún,
bó bá ń padà sẹ́yìn, ó ń han bí ológbò tí a tẹ̀ nírù.
Owó rẹ̀ náà ń jóni.
Mo ní, "Wásílì, èló ni jálẹ̀?"
Ó ní iye tó wà lára bébà náà ni.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo jókòó. N kò sọ nǹkan kan.
Ó họrí. Ó gbé akoto kan sí i.
Mo ṣì jókòó. Ó fi okùn ìfàgbé sí i.
Mo ní n ó lọ bi Ládépọ̀, ọkọ mi, kí n tó sọ̀rọ̀.

Nínú ọkọ̀ mi, lójú ọ̀nà ilé,
àtàǹpàkò ọ̀tún ń tẹ ohun tí kò sí níbẹ̀.