Òkè Adákẹ́

Ogójì ọdún ni mo fi bú àpáàdì wọ̀nyí.
Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, lóko wa lọ́nà Òdá,
tí mo bá ti sọ ọkọ́ kanlẹ̀, á dún kẹ̀ǹ,
ẹnu ọkọ́ á ká, màá ṣépè,
màá ṣà á, màá jù ú sídìí ọsàn,
títí òkìtì rẹ̀ fi tó ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀.
Èmi Fátúyì, mi ò mọ̀
pé ilẹ̀ ilé onílé ni mò ń hú dànù.

Wọ́n dé lóṣù Ọ̀pẹ, a ti sá kòkó, ó ti gbẹ,
Ọ̀jọ̀gbọ́n Akíndùró àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án.
Wọ́n ta okùn sórí ilẹ̀, igun mẹ́rin, igun mẹ́rin,
bí ẹni ń pín ogún fáwọn tí ò sí níbẹ̀.
Wọn ò lo ọkọ́. Ṣíbí ni, àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín.
Ìyàwó mi gbé iṣu sísun wá, ó dúró, ó wò wọ́n,
ó ní, “Ta ló rán yín pé kí ẹ wá fọ eyín fún ilẹ̀?”

Ìgbọ̀nwọ́ kan péré ni wọ́n wà kí wọ́n tó bá a:
àpáàdì tí a fi ẹ̀gbẹ́ tò, ọ̀kan ti èkejì,
bí ìpẹ́ ẹja,
àgbàlá odidi, ìyàrá méje yí i ká,
ìyàrá tóóró tí ẹni gíga ò lè na ẹsẹ̀ tán nínú rẹ̀.
Gbogbo ẹnu ọ̀nà kọjú sí àgbàlá.
Kò sí ọ̀kan tó kọjú sílùú.
Ààrò kan ṣoṣo fún gbogbo wọn,
eérú rẹ̀ nípọn tó ìka mẹ́ta.
Kò sí ọfà, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ó dà bí ẹni pé àwọn kan
ló fi ìlú sílẹ̀ fún ará ìlú.
Ọkùnrin ni bí, obìnrin ni bí, kò mọ̀.
Ó ní bóyá ẹgbẹ̀rin ọdún. Bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ó fẹ́ràn “bóyá” bí àgbẹ̀ ṣe fẹ́ràn òjò.

Ṣùgbọ́n ìyá mi àgbà ti máa ń sọ ọ́:
“Ẹ má pariwo lókè Adákẹ́.”
Ejò la rò pé ó ń bá wí.
A ó ru ẹrù, a ó gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Àkúrẹ́,
ẹnìkan ò ní kí ẹnìkan
títí a ó fi rí ìdí àràbà.
Ilé wó. Ìdákẹ́ ò wó.

Ihò méjìlá wà lórí àpáta ẹ̀yìn oko,
ó ń dán bí inú ọpọ́n ayò.
Ibẹ̀ ni mo ti ń pọ́n àdá mi,
omi òjò inú wọn ni mo fi ń rin ín.
Omoyẹni, tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà,
ní ọkà ni wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀,
pé àpáta kì í jinnú tó báyìí lọ́wọ́ ẹnìkan;
ẹnìkan á lọ̀ ọ́ títí á fi kú,
ẹlòmíràn á kúnlẹ̀ sí ojú ibi tó kúnlẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí síbi ihò.
Ọrùn ìkòkò ni.
Àtàǹpàkò ti tẹ̀ ẹ́ nígbà tí amọ̀ ṣì tutù.
Ó ní, “Bàbá, ẹ fi tiyín sí i.”
Ó wọ ibẹ̀ rẹ́gí.
Mo yára fà á yọ,
mo ní mo fẹ́ lọ wo pàkúté mi.

Wọ́n san owó igi kòkó mẹ́rìndínlógún.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Wọ́n kó òkìtì ìdí ọsàn náà,
wọ́n kọ nọ́ńbà sí ègé kọ̀ọ̀kan lára, wọ́n dì í sínú ọ̀rá,
wọ́n fi tapólì bo ihò, wọ́n gbé òkúta lé etí rẹ̀, wọ́n lọ.

Lánàá mo ń ro ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.
Fóònù mi dún, ọmọ mi ni, láti Oǹdó.
Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà kí ohùn rẹ̀ lè wálẹ̀,
mo sáré dé ìsàlẹ̀ òkè kí n tó gbé e.
Ó ní, “Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ?”
Mo ní kò sí nǹkan.