Kò Tíì Mọ̀ Pé A Ti Ra Òun

Billa pè mí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀.
Ó ní, "Ìwọ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe,
wá wo òkun tí wọ́n tà fún mi."
Mo wọ bùùtù, mo gba ọ̀nà etí omi lọ.
Afẹ́fẹ́ ń lẹ àgùntàn mọ́ ògiri,
òjò Klaksvik kì í ti òkè wá, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé.

Tẹlifíṣọ̀n náà fẹ̀ ju tábìlì ìjẹun lọ.
Ọmọ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti Denmark.
Ọkọ̀ ẹja kan ń wọ èbúté lórí rẹ̀,
omi abẹ́ rẹ̀ búlúù bí aró tó ta sí aṣọ funfun,
ojú kápítẹ́nì pọ́n
bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi gbígbóná bó.
"Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi la inú ẹja
nílé iṣẹ́ ìsàlẹ̀ yẹn," Billa ní.
"Mo mọ òkun. Òkun kọ́ nìyí."

Wáyà ni mo kọ́kọ́ fura sí.
Mo yọ ọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, mo tì í bọ ihò kejì.
Òkun ò yí padà.
Mo dín àwọ̀ kù. Mo dín ìmú àwòrán kù,
títí ìlà funfun tó yí ọkọ̀ ká bí ìfófòó ọṣẹ fi pòórá.
Mo pa ètò tó ń dán ìrìn ènìyàn,
èyí tó ń mú kí apẹja máa yọ̀ lọ geerege
bí ẹni tí wọ́n fi òróró pa lórúnkún.
Mo sọ ìmọ́lẹ̀ tútù di lílọ́wọ́ọ́wọ́.
Billa mi orí. Ó bu kọfí fún mi.
N kò tíì mu ún dé ìdajì
tí gbogbo rẹ̀ fi padà síbi tó wà:
búlúù dé, pupa dé,
òkun tún bẹ̀rẹ̀ sí pariwo.

Mo tún un ṣe. Ó tún padà.
Lẹ́ẹ̀kẹta, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀
bí ẹni ń bẹ ọmọ alágídí,
mo ka mẹ́nù láti òkè dé ìsàlẹ̀,
mo sì rí i, ní kọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í dé:
Ibi ìlò: Ṣọ́ọ̀bù.

Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi.
"Màmá, kò tíì mọ̀ pé a ti ra òun.
Ó rò pé orí pẹpẹ lòun ṣì wà,
láàárín ogún ẹgbẹ́ rẹ̀, lábẹ́ iná ńlá,
tó ń kígbe pé, Ẹ wò mí, èmi ni kí ẹ mú."
Billa ò rẹ́rìn-ín.
Ó dìde, ó fọwọ́ pa á lórí.
"Ó tó," ó ní. "O ti délé."
Mo yan Ilé.
Omi rọra di eérú, ó di tiwa.

Mo ti ń kó irinṣẹ́ nígbà tó ní ó ku ẹyọ kan:
kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan, lẹ́bẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti bó.
Ọkùnrin kan jáde, àyà gbàgbàrà, ojú bẹẹrẹbẹ.
"Hanus tẹ́ẹ́rẹ́," ó ní.
"Ta ni sísanra yìí tó wọ súwẹ́tà ọkọ mi?"
Àwòrán ayé ìgbà náà ò fẹ̀ tó báyìí;
ẹ̀rọ ló ń fà á ya kó lè kún òun lójú.
Mo dá a padà sí mẹ́rin sí mẹ́ta.
Òkùnkùn wọlé lọ́tùn-ún, òkùnkùn wọlé lósì,
Hanus sì dúró láàárín wọn, tẹ́ẹ́rẹ́,
bí ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn
tí kò tíì pinnu bóyá òun á wọlé.
"Mo lè lé dúdú ẹ̀gbẹ́ yẹn lọ, àmọ́ á gé e lórí díẹ̀."
"Fi í sílẹ̀."

Kò mọ́ rárá. Ó ń rí wínníwínní
bí ẹni tó wà lẹ́yìn fèrèsé tójò ń lù.
Kò sí ètò tó lè tún ìyẹn ṣe, mo sì sọ bẹ́ẹ̀,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò béèrè.
Ó gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi, ó jù ú sápò.
Kọfí mi ti tutù.
Mo mu ún tán.