Orúkọ Ibẹ̀

Abẹ́ òkúta la jókòó sí, à ń ṣèpàdé òkun.
Gbọ̀ngàn Òkè-Mosàn tutù bí inú fíríìjì.
Èmi ni wọ́n pè kí n wá ṣògbufọ̀,
èmi ọmọ Ìtòkò, tí kì í ṣe òmùwẹ̀.

Wọ́n tẹ́ máàpù sórí tábìlì gbọọrọ:
òkun lọ salalu bí aṣọ aró,
wọ́n fi bírò pupa là á sí igun-igun.
Ọ̀gá onítáì ní, "Búlọ́ọ̀kù keje ni gáàsì wà."
Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wí i.

Bàbá Ọ̀ṣíbọ̀wálé dìde, ará Òde-Omi,
tó ti kúrò nílé kí àkùkọ tó kọ,
ọkọ̀ ojú omi, bọ́ọ̀sì, ọ̀kadà.
"Ta ló ń mọ búlọ́ọ̀kù sórí omi?
Ibi tẹ́ ẹ fi bírò tọ́ka sí yẹn,
ibẹ̀ la ti ń da àwọ̀n nígbà ọyẹ́.
Ó lórúkọ. Ẹ ò bi wá."
Agogo dún. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pé.

Ó pe orúkọ náà bó ṣe ń jókòó,
ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti kú,
n ò gbọ́ ọ.
Ọ̀gá kọjú sí mi: "Kí ló wí?"
Mo ní, "Ó ní ẹ ṣeun."

Nírọ̀lẹ́, mo ka àkọsílẹ̀:
Aráàlú dúpẹ́, wọ́n sì gbà tọwọ́tẹsẹ̀.
Ẹja gbígbẹ tí bàbá mú wá kí wọn
ṣì wà lórí tábìlì, nínú bébà.
Ọ̀rá rẹ̀ ń rin máàpù lọ díẹ̀díẹ̀,
ó ti kọjá ìlà pupa.