Òkúta Méje Lórí Páànù

Méje ni lálẹ́ àná.
Mo kà wọ́n láti orí ẹní, bí mo ṣe máa ń ka ìrọbí:
ọ̀kan bà páànù, mo dúró, òmíràn tún dé.
Ọyẹ́ ti gbẹ Sáríà dé egungun,
ohun gbogbo ló ń dún ju bó ṣe yẹ kó dún lọ.

Àkàndé pè láti Ìkirè: "Ẹ máa bọ̀ nílé, Màámi.
Kí lẹ tún ń wá níbẹ̀?"
Mo ní, ilé wo? Ogójì ọdún ó dín méjì
ni mo ti ń mu omi kànga yìí.
Bàbá rẹ sùn síbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin.
Ta ni yóò máa tu koríko orí rẹ̀?
Mi ò sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí.
Mi ò sọ fún un pé mo ti di ẹrù lẹ́ẹ̀mejì,
mo sì ti tú u lẹ́ẹ̀mejì.

Ìjọ wa ti fọ́n ká.
Pásítọ̀ kó ìyàwó àtọmọ lọ; mi ò dá a lẹ́bi,
àwọn ọmọ rẹ̀ kéré.
Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwa mẹ́ta la jókòó sórí bẹ́ǹṣì ogójì ènìyàn:
èmi, Ladì tó ń ta kósè, àti Bàbá Owóṣeni
tí etí rẹ̀ ti di, tó ń pariwo àdúrà
bí ẹni pé Ọlọ́run náà kò gbọ́ràn mọ́.
A rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Mo mọ ẹni tó ń sọ òkúta náà.
Mo mọ ikọ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn.
Ọwọ́ mi yìí ló gbà á, ní Ọjọ́bọ̀, lábẹ́ àtùpà,
ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Dánlámì.
Ká ní ilé wa ni wọ́n bí i sí, Òjó ni à bá máa pè é:
okùn ìwọ́ ti yí i lọ́rùn, ara rẹ̀ dúdú bí aṣọ ẹlú,
kò ké.
Mo tú okùn, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú.
Mo ń pe Jésù, ìyá rẹ̀ ń pe Ọlọ́run lédè tirẹ̀.
Ọmọ náà sín.
Kò sẹ́ni tó béèrè èwo nínú àdúrà ló ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ìkeje, mo kúnlẹ̀.
Mo wá àdúrà gígùn, mi ò rí.
Mo ní, "Jésù, ìwọ tó sùn nínú ọkọ̀ nígbà tí omi ń ru,
yá mi ní díẹ̀ nínú oorun yẹn."
Ìmọ́lẹ̀ kankan kò tàn. Áńgẹ́lì kankan kò wá.
Ṣùgbọ́n mo sùn. Mo tiẹ̀ hanrun;
ìhanrun ara mi ló jí mi.

Láàárọ̀ mo ṣa òkúta mẹ́jẹ̀ẹ̀je sínú apẹ̀rẹ̀,
mo gba ẹ̀yìn ìsọ̀ ẹlẹ́ran lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tíì.
Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n títí mo fi débẹ̀,
nígbà tí mo débẹ̀, kò dáwọ́ dúró.
Ìgboyà kì í mú ẹsẹ̀ dúró, mo wá mọ̀,
ó kàn ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò gbọ̀n lọ ni.

Ó wà láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn dákẹ́.
"Sànnú, Dánlámì. Báwo lọrùn?"
Ó ní, "Ọrùn?"
"Ọrùn tí mo tú okùn kúrò lára rẹ̀."
Mo gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹrù rẹ rèé. Páànù mi ti gbó.
Bó o bá fẹ́ jí mi, ilẹ̀kùn ni kó o kàn."
Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.
Dánlámì fọwọ́ kan ọrùn, díẹ̀ báyìí,
ó sì yíjú sí iná.

Mi ò mọ ohun tí Ọlọ́run ń ṣe nínú rẹ̀.
Mo padà sílé, mo gbálẹ̀, mo lọ ata.
Nígbà tó dalẹ́, mo tẹ́ ẹní, mo pa àtùpà.
Ó bẹ̀rẹ̀.
Mo ń kà á.
Mẹ́fà.
Mo dúró de ìkeje, mo dúró pẹ́.
Oorun ló dé.